Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn oníráúńdì: ṣé lóòótọ́ ló ń mú kí èémí gùn?

Òṣìṣẹ́Ìlúpéjú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 41 ni mí, orí àga ni mo ń jókòó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òkè pátápátá lọ́fíìsì wa wà, tí mo bá fi máa gun àtẹ̀gùn débẹ̀ màá ti máa mí hẹlẹhẹlẹ, mi ò ní lè dá èèyàn lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń lọ jíìmù ní kí n wá bá àwọn ká jọ máa kan ẹ̀ṣẹ́, ó ní kì í ṣe ìjà o, wọ́n kàn máa ń lu àpò kíkankíkan, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ó ní láàárín oṣù méjì èémí mi á gùn. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ lọ ṣubú sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ṣé ó ń ṣe ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lóore lóòótọ́, àbí òógùn lásán la fi ń tan ara wa jẹ?

KóòṣìMúṣín
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ sọ fún wọn pé àwọn tó dàgbà jù yín lọ wà níbi tá a ti ń ṣe é. Ohun tí àwọn oníjíìmù wá sọ lórúkọ òyìnbó lóde òní yìí, àwọn abẹ̀ṣẹ́kùubíòjò ti ń ṣe é kó tó lórúkọ. Òfin Queensberry tí wọ́n gbé jáde ní London lọ́dún 1867 ló ti là á kalẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ráúńdì kan, ìṣẹ́jú kan ni ìsinmi, agogo yẹn náà la ṣì fi ń kọ́ṣẹ́ títí dòní. Kéèyàn máa lu àpò fún ìdajì wákàtí láìdúró ò le rárá, ó kàn máa fọwọ́ pa á lára ni. Àmọ́ kó lù ú tọkàntọkàn kí agogo tó dún, kó sinmi, kó tún lù ú, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ: ẹsẹ̀ ló ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó bá dúró gbagidi sójú kan tó ń fọwọ́ nìkan lu àpò, èjìká ẹ̀ á ti kú kó tó rí èémí kankan kọ́. Ẹ sún síwájú, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ yí àpò yẹn ká, ẹ tẹ orúnkún kẹ́ ẹ sì dìde, bí ẹni pé àpò náà fẹ́ gbẹ̀san.

ỌmọFisio
Kóòṣì ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ n fi ìdí ẹ̀ kún un torí ohun tí mò ń kọ́ níléèwé nìyẹn. Iṣan apá kéré sí ti itan. Tó bá jẹ́ apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ọkàn á máa lù kìkìkì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì ròkè, síbẹ̀ ọ́síjìn tí ara ń lò ò ní pọ̀ tó tìgbà tí ẹsẹ̀ bá dá sí i. Ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ yín fi lè sọ pé ọkàn yín ti lu 160 nígbà tẹ́ ẹ dúró lu àpò, tí èrè ẹ̀ ò sì tó ti ẹni tó sáré tí tiẹ̀ náà lu 160.

Ní ti ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Àgbàlagbà tí ara ẹ̀ dá, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ kì í tóbi sí i torí pé ó ń ṣeré ìdárayá. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, atẹ́gùn tó ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ lítà bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ, tẹ́ ẹ bá wá ṣiṣẹ́ dé góńgó ó lè kọjá 100 lítà, ìyẹn ni pé àyè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ẹ̀dọ̀fóró ni gáréèjì, ọ́síjìn ni èrò, ẹ̀jẹ̀ ni dánfó. Èrò kún gáréèjì fọ́fọ́, dánfó ni ò tó. Nígbà téèyàn bá ti ń ṣe irú ìdárayá tó ń gba èémí lẹ́nu ẹni yìí, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn á máa kún dáadáa kó tó fún un jáde, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló fà á tí ọkàn ẹni tó ń ṣeré ìdárayá fi máa ń lù jẹ́jẹ́ tó bá jókòó. Ọkàn ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan lè ti tó 20 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan tó bá sáré dé góńgó, ti àwọn ògbóǹtarìgì eléré ọ̀nà jíjìn lè kọjá 30. Nínú iṣan pàápàá, àwọn nǹkan wínníwínní tó ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára á pọ̀ sí i.

Ohun tó ń yí padà lápá ọ̀dọ̀ mímí gan-an ni iṣan tó ń fa atẹ́gùn wọlé, pàápàá èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ egungun ìhà, ó ń le sí i, kì í tètè rẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá wá gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́yìn oṣù méjì tẹ́ ẹ ò mí hẹlẹ mọ́, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ yín lẹ máa kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Dàpọ̀_Peckham
Ṣé ìwádìí wà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí èyí táwọn oníjíìmù ń sọ láti fi gbowó? Níbi tí mo wà ní London níbí, gbogbo àdúgbò ló ti ní kíláàsì àpò lílù báyìí, wọ́n á paná, wọ́n á tan iná aláràbarà, wọ́n á gbé orin sókè, ó dà bí òde àríyá.

ỌmọFisio
Ìwádìí wà. Ní Norway, àwọn ará Trondheim gbé ọ̀kan jáde lọ́dún 2007: wọ́n pín àwọn ọkùnrin tára wọn dá sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn kan ń rọra sáré lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn kan ń sá a kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rọra rìn tàbí sáré jẹ́jẹ́ láàárín. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ́síjìn tí ara àwọn ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin yẹn lè lò ní góńgó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn wọn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ sí i, ti àwọn tó ń rọra sá ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Eré sísá nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́.

Ti ẹ̀ṣẹ́ gan-an, àwọn ará Australia ṣe ọ̀kan tó jáde lọ́dún 2015, wọ́n kó àwọn tó sanra nínú ikùn jọ, apá kan ń kan ẹ̀ṣẹ́ oníráúńdì, apá kejì ń rìn kíákíá, àkókò kan náà ni wọ́n ń lò, ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ jàǹfààní jù lọ, ọ̀rá ara wọn dín kù, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀, èémí wọn gùn sí i. Àmọ́ èèyàn kéréje ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ẹ má gbé e bí ẹni gbé Bíbélì.

Àti ti "Tabata" tí gbogbo èèyàn ń pariwo yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 20 ìyára, 10 ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Izumi Tabata ní Japan ló kọ ìwádìí ẹ̀ jáde lọ́dún 1996, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan ni wọ́n wà, wọ́n sì wà á débi pé tó bá fi máa di ìkeje ìkẹjọ, wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ rárá. Ẹni tó bá parí "Tabata" tó ṣì ń ya fọ́tò, kó lọ wá orúkọ mìíràn fún un.

Nọ́ọ̀sìÌyáÌbejì
Ẹ jẹ́ ká rọra o. Ọmọ ọdún 41 tí kì í ṣe nǹkan kan tó sì ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ ṣàyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó ra ìbọ̀wọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kẹ́míìsì tó dáa ládùúgbò lè ṣe é. Tó bá ti tó 140/90 lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà. Tó bá tó 180/110, ẹ má fọwọ́ kan àpò rárá títí ó fi máa wálẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ PCV wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, torí mo ti rí ọ̀pọ̀, pàápàá àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn máa ń pọ̀ jù, tí wọ́n rò pé àìṣeré ìdárayá ló ń mú àwọn mí hẹlẹ, kò sì sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n ju pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ téèyàn lè kàn tó máa rọ́pò ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí atenolol, propranolol àti irú wọn, oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn lù kọjá ibì kan, torí náà ẹ má tẹ̀ lé òǹkà aago, ẹ máa fi bí ẹ ṣe ń mí wò ó. Ẹni tó ń lo Moduretic náà, oògùn tó ń lé omi jáde ni, ẹ wá wọ inú jíìmù tó ń gbóná fẹlifẹli lọ máa làágùn, òyì lè gbé yín lulẹ̀.

AS tún nìyẹn. Bí ẹ bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS. Ẹ lè kan ẹ̀ṣẹ́, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, ẹ kàn má ṣe é nínú oòrùn gangan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni pé wọ́n ń lé yín, ẹ mu omi, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ ti ń wúwo lódìlódì tàbí ó ń rọ, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn SS, àwọn tó ní fònìíkú-fọ̀ladìde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ irú ìdárayá tó le báyìí láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú yín fọwọ́ sí i. Ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ lọ sùn.

Tí àyà bá ń fún yín pinpin, tí ìrora bá gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, tójú yín bá ṣókùnkùn, ẹ dúró, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má jẹ́ kí kóòṣì kankan sọ fún yín pé àìlera ló ń jáde.

KóòṣìMúṣín
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gba gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ má rò pé èmi ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn o 😂

Alágbádá63
Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ń fi ìwádìí òyìnbó dá ara yín lárayá. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger àti Gene Fullmer pàdé ní Liberty Stadium n'Ìbàdàn níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ìjà ráúńdì 15, bẹ́líìtì àgbáyé ló wà nílẹ̀. Nígbà tí ráúńdì keje parí, àwọn tó wà ní igun Fullmer ní ó tó, kò jáde fún ìkẹjọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nojim Maiyegun gba idẹ ẹ̀ṣẹ́ ní Tokyo, àmì-ẹ̀yẹ Olympic àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nìyẹn. Ta ló fi ẹ̀rọ wọn èémí àwọn yẹn? Àfẹ̀mọ́jú ni abẹ̀ṣẹ́kùubíòjò ń jáde lọ sáré ní títì, ọ̀nà jíjìn, jẹ́jẹ́. Àpò nìkan kọ́ ló ń fúnni ní èémí.

ỌmọFisio
Bàbá, ẹ ò parọ́. Ráúńdì ń gbé góńgó sókè, eré jẹ́jẹ́ ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ́ kéèyàn lè fara da iṣẹ́ púpọ̀, ó sì ń jẹ́ kára tètè bọ̀ sípò láàárín ráúńdì méjì. Àwọn abẹ̀ṣẹ́kùubíòjò ń ṣe méjèèjì. Kódà àjọ ìlera àgbáyé WHO ò ní kẹ́ ẹ ṣe èyí tó le nìkan, ohun tí wọ́n sọ lọ́dún 2020 ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún èyí tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, tàbí kéèyàn da méjèèjì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìlúpéjú, ẹ kan ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa rìn kíákíá lọ́jọ́ tó kù, ìyẹn ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Adùkẹ́_Oníléfée
Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo ní ikọ́ fée ńkọ́? Tí mo bá sáré díẹ̀ báyìí àyà mi á máa hó.

Nọ́ọ̀sìÌyáÌbejì
Àbúrò mi, ọ̀pọ̀ onífée ló ń ṣe irú èyí, ó tiẹ̀ máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju eré ọ̀nà jíjìn lọ torí pé ó kúrú, ìsinmi sì wà láàárín. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mú ara gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ má bọ́ sínú ẹ̀ gbì. Tí dókítà yín bá ti ní kẹ́ ẹ máa fa ínhélà kẹ́ ẹ tó ṣeré, ẹ fà á bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kó sì wà nítòsí yín, kì í ṣe nínú mọ́tò. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn bá gbẹ tí eruku gbalẹ̀, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Tí fífée yẹn bá ń wá lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ sáré, kò tíì dúró nìyẹn, ẹ lọ tún oògùn ṣe ná.

Dàpọ̀_Peckham
Mo fẹ́ fi èyí kún un nípa aago. Tẹ́ ẹ bá ti fi aṣọ wé ọwọ́ tẹ́ ẹ sì ki ìbọ̀wọ́ bọ̀ ọ́, aago ọrùn ọwọ́ á kàn máa sọ ìsọkúsọ ni, apá tó ń fò sókè sódò ò jẹ́ kó kàwé dáadáa. Okùn tí wọ́n ń dè mọ́ àyà ló ṣeé gbára lé. Tí kò bá sí, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn nígbà ìsinmi, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

ỌmọFisio
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òǹkà tó ga jù fún ọkàn, wọ́n máa ń ní kéèyàn yọ ọjọ́ orí ẹ̀ kúrò nínú 220. Ìṣirò mìíràn tó jáde lọ́dún 2001 ní kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po 0.7 kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 208. Fún ọmọ ọdún 41 méjèèjì bọ́ sí 179, fún ẹni 60 ọdún àkọ́kọ́ ní 160, ìkejì ní 166. Fojúbù ni o, ẹnì kan lè fi mẹ́wàá jù tàbí kó fi dín sí i. Nínú ráúńdì tó le, kẹ́ ẹ wà láàárín 152 sí 170. Ẹni tí ò fẹ́ ṣe ìṣirò, tó bá ṣì lè kọrin kò tíì ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ló lè sọ kó tó tún mí, ó ti débẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bí ọkàn ṣe ń rọlẹ̀. Ẹ ka á bí agogo ṣe dún, ẹ rọra máa rìn, ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣe ń wálẹ̀ púpọ̀ sí i lóṣooṣù ni ìtẹ̀síwájú yín. Tí kò bá wálẹ̀ tó 12, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀. Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín náà wúlò, àwọn onímọ̀ ọkàn kan ní Spain fi hàn lọ́dún 2020 pé ẹni tó bá lè gun 60 àtẹ̀gùn láàárín ìṣẹ́jú kan láìdúró, ọkàn ẹ̀ sábà máa ń dáa.

Táíyé_Sùúrùlérè
Jíìmù kan wà lọ́dọ̀ wa, abẹ́ fèrèsé ẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ máa ṣọ́ irú ibẹ̀ o, èéfín yẹn ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ wá ń mí ìlọ́po mẹ́wàá, orí á kàn máa fọ́ yín. Àti àwọn tó ń wọ náílọ̀nù sínú aṣọ kí wọ́n lè làágùn, omi nìkan ló ń jáde, tẹ́ ẹ bá mu píọ̀ wọ́tà méjì ó ti padà. Ọ̀rá ò sí níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́Ìlúpéjú
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ yẹ ẹ́ wò, 132/84, PCV dáa. Kóòṣì, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n á máa lù mí lórí?

KóòṣìMúṣín
Kò sẹ́ni tó máa lù yín lórí, ẹni tó ń wá èémí ò nílò kí wọ́n lu òun, àpò àti páàdì tí kóòṣì ń dì mú fún yín láti lù ti tó. Ẹni tó bá fi dandan lé e pé kẹ́ ẹ bá ọmọ òun jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kó ẹrù yín.

Ẹ jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe kẹ́ ẹ jẹ ẹ̀bà tán kẹ́ ẹ wá dúró níwájú àpò. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fo okùn jẹ́jẹ́ tàbí kẹ́ ẹ máa kàn án sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lu ìṣẹ́jú kan, sinmi ìṣẹ́jú kan, ráúńdì mẹ́rin péré, ẹ lọlé. Ẹ máa fi ráúńdì kọ̀ọ̀kan kún un títí yóò fi di mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ẹ wá gbé e dé ìṣẹ́jú méjì, ìsinmi kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kẹta. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Tí ráúńdì ìkẹyìn bá ti ń yọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ ti sáré jù níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìsinmi kì í ṣe ọ̀lẹ, òun ló jẹ́ kí èyí tó kàn lè le.

Èémí: gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ bá jù, ẹ fẹ́ ẹ jáde láti imú tàbí láàárín eyín, "sìì, sìì". Ẹni tó bá di èémí mú tó ń lu àpò, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ròkè láìnídìí, ojú á sì ṣú u. Lákòókò ìsinmi ẹ má jókòó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo bàtà, ẹ máa rìn.

Adùkẹ́_Oníléfée
Kóòṣì, ṣé mo lè fi okùn fífò nìkan ṣe gbogbo ẹ̀? Kò sáàyè tí mo lè so àpò kọ́ nílé wa.

KóòṣìMúṣín
Bẹ́ẹ̀ ni, agogo kan náà, ẹ fo ọ́ bí ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ kan sí kejì, ẹ kàn máa da ẹ̀ṣẹ́ afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọn kí apá náà lè rí tiẹ̀ gbà. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé, ẹ má fo ó lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ò tíì dáhùn ẹ kú àárọ̀ mi títí di báyìí.